Bọ́tìnnì Rédíò Ọkọ̀ Tí Ó Fọ́: Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ ohun kékeré kan ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè fi í pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé odidi ẹ̀rọ ni ó ti kú. Ohun náà ni bọ́tìnnì rédíò ọkọ̀, èyí tí a ń yí láti gbé ohùn sókè tàbí láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tàbí láti wá ilé iṣẹ́ rédíò tí a fẹ́ gbọ́.

Kò ṣòro láti rí ohun tí à ń wí ní ìlú Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ èrò ní Lágẹ́rẹ́ tàbí ní Sábó, kí ó bojú wo iwájú awakọ̀. Nínú ọkọ̀ kan, yóò rí ọ̀pá irin tín-ín-rín tí ó yọ orí jáde lára rédíò, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti lọ. Nínú òmíràn, ìdérí ìgò ni wọ́n fi dé e. Nínú òmíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀mú ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ̀mú yìí ni ó sì di bọ́tìnnì. Bí awakọ̀ náà bá fẹ́ gbọ́ ìròhìn láti Great FM ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá ẹ̀mú, yóò tẹ orí ba, yóò fi ẹnu ẹ̀mú mú ọ̀pá náà, yóò sì rọra máa yí i.

Èyí lè pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin ju mítà 22 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá yọ ojú kúrò lójú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú àáyá 3 péré nítorí ẹ̀mú àti ọ̀pá irin yìí, ó ti rin mítà 66, èyí tí ó ju ìdajì pápá bọ́ọ̀lù lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó di ojú rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ifẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, tàbí èyí tí ó lọ sí Iléṣà, kí ni kò lè ṣẹlẹ̀ láàrín mítà 66? Ọmọdé lè sáré kọjá, alùpùpù lè yà wọ ọ̀nà, ọkọ̀ akẹ́rù sì lè dúró lójijì. Nítorí náà bọ́tìnnì tí ó fọ́ kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà ọkọ̀ nìkan. Ọ̀ràn ẹ̀mí ni pẹ̀lú.

Ọ̀ràn kejì ni ti owó. Bí bọ́tìnnì bá ti là, ìmọ̀ràn tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ó yọ rédíò náà dànù, kí ó ra tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò náà ń sọ̀rọ̀, tí kò sì sí ohun kankan tí ó ṣe é nínú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí a ń fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé wa mọ̀ ni pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹ̀yà tí ó bàjẹ́ gan-an kí a tó na owó, àti pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni àtúnṣe rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ó bá ní sùúrù.

BÍ BỌ́TÌNNÌ ṢE WỌ INÚ ỌKỌ̀

Ní ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ Galvin ní ìlú Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Motorola jáde. Orúkọ yìí ni gbogbo ilé iṣẹ́ náà wá ń jẹ́ láti ọdún 1947. Ní ilẹ̀ Jámánì, Blaupunkt gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1932. Rédíò ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun kékeré. Gílóòbù onígíláàsì ni ó kún inú rẹ̀, ó wúwo, ó sì gba àyè púpọ̀, nítorí náà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí ibòmíràn tí ó fara sin ni wọ́n ń gbé àpótí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí bọ́tìnnì rẹ̀ jìnnà sí awakọ̀. Wọ́n a fa okùn irin tí ó lè yí láti inú àpótí náà wá sí ẹ̀bá ìtọ́kọ̀, wọn a sì fi bọ́tìnnì sí orí rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti mọ̀ pé ọwọ́ awakọ̀ ni ó yẹ kí ó wá rédíò, kí ojú rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ inú ilé àwọn ènìyàn ní Èkó, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àpótí náà ni àwọn baba wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí a bá fi dá a lóhùn. Ìpèsè kan ni wáyà gbé wá, nítorí náà onílé kò ní ohun tí yóò yàn. Bí ohùn yóò ti ròkè tó ni ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Nígbà tí rédíò tí kò lo wáyà gbalẹ̀, tí ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, tí ti Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, bọ́tìnnì kejì di dandan, èyí tí a fi ń yan ibi tí a fẹ́ gbọ́.

Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Ọ̀jọ́, ní Èkó. Àwọn tí wọ́n wa ọkọ̀ ní àkókò náà kò ní ṣàì rántí rédíò olójú méjì: bọ́tìnnì òsì fún títan rédíò àti fún ohùn, bọ́tìnnì ọ̀tún fún wíwá ilé iṣẹ́ rédíò, abẹ́rẹ́ pupa sì ń rìn láàrín wọn. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò òde òní, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ó kù. A lè máa yí i títí láìdé òpin, a sì lè tẹ̀ ẹ́ wọlé. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n ike ni òun náà, orí ọ̀pá ni ó sì jókòó sí.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń fọ́. Wọ́n ṣe ihò bọ́tìnnì kí ó fún díẹ̀ ju ọ̀pá lọ, kí ó lè di í mú. Nítorí bẹ́ẹ̀, ike tí ó yí ihò náà ká kò sinmi rí. Ó ń fà nígbà gbogbo. Oòrùn ọ̀sán a máa mú un gbóná nígbà tí a bá gbé ọkọ̀ sí ìta gbangba, òru a sì mú un tutù. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ike náà a gbẹ, a sì là ní ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ọjọ́ náà, bí a bá yí bọ́tìnnì, yóò máa yí lásán lórí ọ̀pá tí kò mira.

Ẹ̀YÀ WO NI Ó BÀJẸ́?

Kí a tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a wádìí. Ẹ wò ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì náà dáadáa bóyá ìdè kékeré kan wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ tú u díẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹ̀yìn bọ́tìnnì náà, ẹ di etí aṣọ méjèèjì mú, kí ẹ sì fà á wá sọ́dọ̀ yín ní gbọọrọ. Ẹ má ṣe fi irin mímú wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, nítorí pé yóò họ ojú rédíò, ó sì lè tẹ ọ̀pá náà wọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Nígbà tí bọ́tìnnì bá ti kúrò, ẹ fi ìka tàbí ẹ̀mú tí a fi aṣọ wé yí ọ̀pá náà jẹ́jẹ́, kí rédíò sì wà ní títàn. Ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni ẹ ó rí.

Èkíní, bí ohùn bá ń ròkè tí ó sì ń rẹlẹ̀ bí ó ti yẹ, rédíò kò ní àìsàn kankan. Bọ́tìnnì nìkan ni ó fọ́.

Èkejì, bí ọ̀pá náà bá ti ṣẹ́, tí èérún rẹ̀ wà nínú ihò bọ́tìnnì, bọ́tìnnì lè má ní àbùkù rárá. Ẹ̀yà tí ọ̀pá náà ti jáde wá, tí àwọn oníṣẹ́ rédíò ń pè ní fọ́lúùmù, ni a ó pààrọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ọ̀pá bá pé, tí bọ́tìnnì sì dì í mú, ṣùgbọ́n tí ohùn ń ta pàrà-pàrà bí a ti ń yí i, tàbí tí ó ń fò sókè sílẹ̀, ìdọ̀tí ni ó wọ inú fọ́lúùmù. Nínú fọ́lúùmù àtijọ́, ojú ọ̀nà dúdú kan wà tí a fi ẹ̀ẹ́dú ṣe, irin pẹlẹbẹ kan sì ń rìn lórí rẹ̀ bí a ti ń yí ọ̀pá. Bí eruku bá wọ àárín àwọn méjèèjì, ohùn yóò máa já. Oògùn onífínfín wà tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe fi ń fọ irú ibẹ̀. Wọn a fín in sínú fọ́lúùmù, wọn a sì yí ọ̀pá lọ yí i bọ̀ bí ìgbà 20. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bẹntiróòlù tàbí òróró ìdáná ṣe é. Òróró ń kó eruku jọ, bẹntiróòlù sì ń jẹ ọ̀pọ̀ ike, yàtọ̀ sí pé ó lè gbiná.

Ẹ rí i pé àìsàn mẹ́ta ni èyí, oògùn wọn kò sì jọ ara wọn. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ọ̀kan tí ó sọ odidi rédíò di ohun ìdànù.

BÍ A ṢE Ń TÚN ÈYÍ TÍ Ó LÀ ṢE

Ohun tí a ó lò kò pọ̀: gọ́ọ̀mù olómi méjì, èyí tí a ń po omi kan mọ́ èkejì kí ó tó lè di líle, òwú líle tàbí wáyà bàbà tín-ín-rín, Vaseline díẹ̀, àti ìwé pélébé kan.

Bí bọ́tìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí ihò rẹ̀ kò tí ì gbòòrò, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa. Ẹ po gọ́ọ̀mù náà ní ìwọ̀n tí a kọ sí ara páálí rẹ̀, ẹ fi díẹ̀ sí ojú ibi tí ó là, kí ẹ sì fi òwú tàbí wáyà bàbà wé ọrùn ihò náà ní ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó fún un pọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ bo orí òwú náà. Ó dára kí ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, àní bí páálí bá wí pé ìṣẹ́jú 5 ni ó fi ń dì. Kí ó dì jẹ́ ohun kan, kí ó lágbára jẹ́ ohun mìíràn.

Bí ihò bá ti gbòòrò, tí ike inú rẹ̀ ti jẹ dànù, wíwé nìkan kò tó. Ihò tuntun ni a ó ṣe, ọ̀pá rédíò fúnra rẹ̀ ni yóò sì jẹ́ àwòṣe wa. Ẹ gé ìwé pélébé náà ní róbótó, ẹ dá ihò sí àárín rẹ̀, kí ẹ sì ti í bọ ọ̀pá náà títí yóò fi sún mọ́ ojú rédíò, kí gọ́ọ̀mù má bàa ṣàn wọ inú. Ẹ fi Vaseline pa ọ̀pá náà yíká, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n kí ó kárí. Ẹ fi irin họ inú ihò bọ́tìnnì kí ó rí ṣákiṣàki, kí gọ́ọ̀mù lè rí ibi dìmọ́. Ẹ rọ gọ́ọ̀mù dé ìdajì ihò, kì í ṣe kí ó kún, kí ẹ sì ti bọ́tìnnì bọ orí ọ̀pá. Ẹ rí i dájú pé àmì ojú rẹ̀ kọjú sí ibi tí ó yẹ kí ó kọjú sí. Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá dì tó bí ẹ̀kọ tútù tí ó ti le díẹ̀, ẹ mì í jẹ́jẹ́, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì gbé e sí ibi kan di ọjọ́ kejì. Ẹ ó rí i pé ihò tuntun náà bá ọ̀pá mu rẹ́gí, àti ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ rẹ̀ àti eyín ara rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da súpà gúlù sí bọ́tìnnì nígbà tí ó wà lórí ọ̀pá. Súpà gúlù ń ṣàn bí omi. Yóò sọ̀kalẹ̀ lára ọ̀pá wọ ọrùn fọ́lúùmù, yóò dì síbẹ̀, ọ̀pá kò sì ní yí mọ́. Báyìí ni àìsàn bọ́tìnnì ṣe ń di àìsàn rédíò.

IṢẸ́ TÍ IFẸ̀ TI MỌ̀ TẸ́LẸ̀

Ẹni tí ó bá ronú sí ohun tí a ṣàlàyé yìí yóò rí i pé kò ṣàjèjì sí ìlú Ifẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmoníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, wọ́n kan àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà rọ, èyí tí ó mú kí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn léèrè irú oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà ní Ifẹ̀. Ní ọdún 1957, wọ́n tún rí òmíràn ní Ìta Yemòó. Àwọn onímọ̀ gbà pé láàrín ọ̀rúndún 12 sí 15 ni wọ́n ṣe àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí.

Báwo ni àwọn baba wọ̀nyí ṣe ṣe é? Wọ́n fi amọ̀ mọ inú rẹ̀, wọ́n fi ìda tẹ́ẹ́rẹ́ bo amọ̀ náà, wọ́n sì fín ojú, imú àti ilà sí ara ìda. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi amọ̀ mìíràn bò ó, tí wọ́n sì yan án nínú iná. Ìda yọ́, ó ṣàn jáde, ó fi àyè sílẹ̀. Inú àyè náà ni wọ́n da idẹ tàbí bàbà yíyọ́ sí. Nígbà tí ó tutù, tí wọ́n fọ́ amọ̀ òde kúrò, gbogbo ohun tí ìda ti mọ̀ ni irin náà mọ̀.

A kò wí pé ẹni tí ó tún bọ́tìnnì rédíò ṣe ti di ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà wọ̀nyí. Ohun tí a ń wí ni pé ọgbọ́n kan náà ni: kí ohun líle fi àyè sílẹ̀, kí ohun yíyọ́ wọ inú àyè náà, kí ó sì gba àwòrán rẹ̀. Ní ìlú tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣiṣẹ́, ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ike tí kò tó ẹyọ kókò bá lè ṣẹ́gun wa.

BÍ A BÁ FẸ́ RA ÒMÍRÀN

Nígbà mìíràn bọ́tìnnì ti fọ́ wẹ́wẹ́, tàbí ó ti sọnù pátápátá, a ní láti wá òmíràn. Kí a tó ronú láti lọ sí ọjà Aràrómi ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, tàbí sí Ládípọ̀ àti Alábà ní Èkó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn rìwáyà àti àwọn tí ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò wa. Rédíò tí inú rẹ̀ ti jóná kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ lè wà ní pípé. Òkú rédíò a máa fún alààyè ní bọ́tìnnì.

Ẹ mú bọ́tìnnì àtijọ́ dání, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èérún rẹ̀ ni ó kù, kí ẹ sì wo ohun mẹ́rin. Ìkíní ni fífẹ̀ ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá jẹ́ mìlímítà 6, ṣùgbọ́n lára àwọn kan tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá nígbà àtijọ́, ìdámẹ́rin íǹṣì ni, èyí tí í ṣe mìlímítà 6.35. Ìyàtọ̀ náà kò ju sísanra ìwé díẹ̀ lọ, síbẹ̀ bọ́tìnnì ọ̀pá kékeré yóò là bí a bá fi ipá tì í bọ ọ̀pá ńlá, bọ́tìnnì ọ̀pá ńlá yóò sì máa mì lórí ọ̀pá kékeré. Ìkejì ni bóyá ọ̀pá náà ní ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ tàbí eyín. Bí ó bá jẹ́ eléyín, ẹ kà wọ́n: a máa ń rí eléyín 18, a sì máa ń rí eléyín 24, èkíní kò sì wọ inú èkejì. Ìkẹta ni jíjìn ihò, kí bọ́tìnnì má bàa ga jù tàbí kí ó máa ha ojú rédíò. Ìkẹrin ni bóyá bọ́tìnnì náà jẹ́ èyí tí à ń tẹ̀ wọlé, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ ní àyè lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò fi rìn.

Lónìí, ẹ̀rọ wà tí ń fi ike gbígbóná mọ nǹkan ní ìpele-ìpele láti inú àwòrán kọ̀ǹpútà, ó sì lè mọ bọ́tìnnì tí kò sí lọ́jà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè irú ike tí wọn yóò lò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní PLA, a máa rọ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n gbígbóná 60, dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí ó wà nínú oòrùn sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní ABS kò ní rọ̀ títí yóò fi kọjá 100. Ẹni tí kò bá bèèrè lè rí bọ́tìnnì rẹ̀ tí ó wọ́ bí àbẹ́là ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Bí ó bá jẹ́ fọ́lúùmù ni a ó pààrọ̀, iṣẹ́ náà ju ti ilé lọ, nítorí pé a ó fi òjé jó o mọ́ inú rédíò. Ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó ka ohun tí a kọ sí ara ti àtijọ́. Lára ọ̀pọ̀ èyí tí ó ti Jàpáánì wá, lẹ́tà A dúró fún irú èyí tí ó bá etí ènìyàn mu, tí ohùn ń ròkè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà B kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi B sí ipò A, rédíò yóò ké tòò bí a bá ti yí i díẹ̀, ìyókù yíyí náà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ní ìyàtọ̀. Ohun kan sì tún wà: kí wọ́n tó yọ wáyà bátìrì láti gbé rédíò jáde, ẹ bèèrè bóyá rédíò náà ń fẹ́ nọ́ńbà àṣírí. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe kí olè má bàa jí wọn. Bí iná bá kúrò lára wọn, wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́ títí a ó fi tẹ nọ́ńbà wọn. Nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ ní òkè òkun ni nọ́ńbà náà sábà máa ń wà.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ILÉ ÀTI FÚN OJÀ

Ẹ̀yin bàálé tí ẹ ń wa ọkọ̀, ẹ yan ilé iṣẹ́ rédíò tí ẹ fẹ́ gbọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí ẹ bá fẹ́ yí i lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín tàbí ẹni tí ó jókòó níwájú bá yín yí i. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ fi bọ́tìnnì ṣeré nígbà tí wọ́n bá ń dúró de bàbá wọn nínú ọkọ̀, ẹ má sì fi àpò ọjà kọ́ ọ. Ẹ wá ibòji fún ọkọ̀ bí ó bá ṣe é ṣe, kí ẹ sì fi aṣọ ọlọ́rinrin nù ún. Ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wa kan gbogbo wa tí a ń gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ẹ wo bí a ti ń ṣe. Bí oníṣẹ́ kan bá wò rédíò wa, tí ó wí pé, “Bọ́tìnnì nìkan ni, ẹ jókòó díẹ̀,” tí ó sì tún un ṣe, a óò máa bá a jà nígbà tí ó bá bèèrè owó. A óò ní iṣẹ́ kékeré yìí náà ni ó ń gba owó lé lórí. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá wí pé odidi rédíò ni ó ti kú, a óò san ìlọ́po owó náà fún un, a ó sì tún dúpẹ́. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì ń wò wá. Wọ́n ń rí ẹni tí a bú àti ẹni tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èyí ni wọn yóò sì fi ṣe òwò nígbà tí wọ́n bá gba òmìnira.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí ó lè yà ohun tí ó bàjẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò bàjẹ́, tí ó sì sọ òtítọ́ rẹ̀ fún yín, ẹ san owó rẹ̀ fún un tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, kí ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún aládùúgbò yín. Kì í ṣe bọ́tìnnì nìkan ni ẹ san owó lé lórí. Ẹ ti san owó lé òtítọ́ lórí kí ó má bàa kùtà, àti lé ojú awakọ̀ lórí kí ó lè wà níbi tí ó yẹ kí ó wà, tí í ṣe ojú ọ̀nà.